Ẹkún Abẹ́ Agbọ̀n

Ẹ má ní kí n búra. Mo ti dàgbà ju ẹni tí ń búra kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi kò bá wọ̀ létí, kó wá sí ilé wa lábẹ́ òkè Menoreh nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Kó jókòó sí ìloro. Kó dákẹ́. Etí òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò sì yọ nǹkan kan kúrò.

Mbah, ìyá àgbà, ni gbogbo abúlé ń pè mí. Sumirah ni orúkọ mi. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ilé tí mò ń gbé, gbogbo ẹni tí wọ́n sì bí sí ilé náà, mo mọ ilẹ̀ tí wọ́n ri ibi ọmọ wọn mọ́. Ti ọkùnrin, ọ̀tún ilẹ̀kùn. Ti obìnrin, òsì. Mo lè fi ọ̀pá tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ti ọkọ mi nìyí, ti Suparti àbúrò rẹ̀ tó kú sí Sumatra nìyẹn, ti Danang ọmọ ọmọ mi ló wà lábẹ́ igi ìbẹ́pẹ.

Lọ́dọ̀ wa, ibi ọmọ kì í ṣe ìdọ̀tí. Àbúrò ọmọ ni. Wọ́n jọ gbé inú kan náà, wọ́n sì tẹ̀ lé ara wọn jáde. Bàbá ọmọ ló gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́, kó gbé e sínú ìkòkò amọ̀, kó sin ín, kó da agbọ̀n oparun bò ó, kó sì tan àtùpà sábẹ́ agbọ̀n náà. Àtùpà yìí kò gbọdọ̀ kú títí ìwọ́ ọmọ yóò fi já, tí wọ́n á sì ti sọ ọmọ lórúkọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pa àtùpà náà. Àbúrò ti lọ. Ó parí.

Ti ọmọ Danang ni kò parí.

Oyún Laras, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ oṣù keje nígbà tí ojú rẹ̀ wú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ru. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá ní ìlú Yogya. Abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ọkùnrin ni. Danang ní kò wúwo ju ìdì témpè méjì lọ, ẹ̀wà tí à ń fi ewé dì.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló dé sílé, òun nìkan, lórí alùpùpù. Ọ̀rá dúdú kan so mọ́ apá alùpùpù náà. Àwọn nọ́ọ̀sì ló kó o lé e lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń kó o fún gbogbo bàbá ọmọ. Ibi ọmọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀.

"Ọmọ ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ó wà nínú àpótí gíláàsì, Mbah. Wọ́n ti rọ́bà bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí."

"O gbé e?"

"Wọn ò jẹ́ n fọwọ́ kàn án."

"O ti pe ìrun sí i létí ṣá?"

Ó ń tú ẹnu ọ̀rá náà. "Mo dé ibẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí gíláàsì díẹ̀. Wọ́n ní òtútù á wọlé. Mo ní kí n dúró síta kí n pè é. Bí mo ṣe la ẹnu, ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í han, wọ́n ní kí n bọ́ síta. Wọ́n tì mí jáde, Mbah, bí ẹni tó wá jí ọmọ ọlọ́mọ gbé."

Ó fọ ibi náà títí omi fi mọ́. Ó gbé e sínú ìkòkò. Èmi ni mo kó àwọn nǹkan tó kù fún un: iyọ̀, ata ilẹ̀ pupa, abẹ́rẹ́ àti òwú, òdòdó díẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀tún ilẹ̀kùn. Títí dé ibẹ̀, bó ṣe yẹ ló ṣe é.

Ìgbà náà ló gbé ìkòkò náà mọ́ àyà. Ó fi ọwọ́ kan gbá ìdí rẹ̀ mú, bí èèyàn ṣe ń gbé ọmọ tí ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Ó fi ẹnu kan ẹnu ìkòkò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun sínú rẹ̀. Jẹ́jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Panggih," ló wá sọ sínú ìkòkò náà. "Panggih ni orúkọ rẹ. Èmi ni bàbá rẹ."

Orí mi wú. "Danang! Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń pe ọmọ mi ni."

"Ọmọ rẹ wà ní Yogya! Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè ló ń jẹ́ orúkọ. Ṣé orí rẹ ti dàrú ni?"

"Èyí tó wà ní Yogya, wọn ò jẹ́ n gbé e." Omi ojú rẹ̀ ń kán sára ìkòkò. "Èyí ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n gbé ọ̀kan nínú wọn, Mbah."

Ó dé ìkòkò náà. Ó sin ín. Ó da agbọ̀n bò ó, ó tan àtùpà elépo àgbọn sábẹ́ rẹ̀, ó sì gun alùpùpù padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, inú ṣì ń bí mi. Kì í ṣe sí Danang nìkan. Inú ń bí mi sí àwọn tó tì í jáde. Inú ń bí mi sí gíláàsì.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo jókòó ní ìloro, mò ń bó ẹ̀gẹ́. Ewé kan kò mì. Àwọn kòkòrò tó máa ń han nínú igbó oparun dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu. Adìyẹ dákẹ́. Mo dá ọ̀bẹ dúró.

Mo gbọ́ ọ.

Ẹkún ọmọ tuntun ni. Ó tín-ín-rín. Bí ọmọ ológbò tí wọ́n dì sínú aṣọ. Ó ké, ó sinmi, ó tún ké.

Paini, aládùúgbò mi, opó tó ń din geblek, àkàrà ẹ̀gẹ́, tà, yọ orí lókè ògiri. "Mbah o! Ẹ̀yin náà tún ti bímọ ni? Ẹ fi ọkọ hàn wá, ká lè bá a dúpẹ́!"

"Paini, ẹnu rẹ á pa ọ́ lọ́jọ́ kan."

"Ẹnu tèmi kọ́ ló ń ké lọ́wọ́ yìí o." Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń wá ọmọ kiri. Ó wo yàrá. Ó wo ilé ìdáná. Ó wo ẹ̀yìnkùlé. Ó padà sí ìloro, ó sì dúró lọ́tùn-ún ilẹ̀kùn. Ẹ̀rín gbẹ lójú rẹ̀.

"Mbah."

"Mo gbọ́."

"Inú ilẹ̀ ló ti ń wá."

"Mo ní mo gbọ́, Paini."

Kò dúró kí mi pé ó dàbọ̀. Láti ọjọ́ náà, kò wọ àgbàlá wa mọ́. Orí ògiri ló ti ń kí mi.

Kí n tó dìde, fóònù dún. Danang ni. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún ọmọ ní gìgísẹ̀, wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ó ké?"

"Kò lè ké, Mbah. Rọ́bà ti dí ọ̀fun rẹ̀. Á kàn ya ẹnu ni, ojú rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn kan ò ní jáde. Ó burú láti wò. Mo yíjú kúrò."

Mo wo agbọ̀n náà. Àtùpà ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín oparun. Ẹkún náà ti dákẹ́.

Mi ò sọ fún un. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà nínú gíláàsì, kí lèèyàn tún fẹ́ gbé lé e lórí?

Wọ́n gba Laras láyè láti máa wọlé wo ọmọ. Òun àti ìyá rẹ̀, Bu Endang, gba yàrá kékeré kan lẹ́yìn ọsibítù. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bu Endang, obìnrin tó mọ́ tónítóní, tí kì í gba ìsọkúsọ. "Àṣà àwọn ará oko" ló ń pe àtùpà mi. Èmi náà ń pè é ní Ọ̀gá Olùkọ́, kì í sì í ṣe pé mò ń yìn ín.

Orí fóònù ni gbogbo ìròyìn ti ń bá mi. Lónìí, ọmọ ti wúwo díẹ̀ sí i. Lọ́la, ó tún ti fọn. Wọ́n dín afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ kù. Wọ́n tún fi kún un. Ìròyìn ayọ̀ kan kì í dé kí ti ìbànújẹ́ má tẹ̀ lé e. Mo wá di ẹni tí ń bẹ̀rù ìròyìn ayọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìfun rẹ̀ kọ mílíìkì agolo. Ikùn rẹ̀ wú, ó le bí agbárí. Dókítà sọ ọ́ láìfi bò: wàrà ìyá rẹ̀ nìkan ló lè gbà á là, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n múra ọkàn.

Ọmú Laras sì gbẹ. Ó ń fi ẹ̀rọ fà á, ó ń fi ọwọ́ fún un, títí orí ọmú fi bó. Ìkán kan, ìkán méjì. Kò tó ohun tí èèyàn fi ń nu ètè ọmọ.

"Mbah," Bu Endang sọ lórí fóònù, "ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo nǹkan, ṣé kò sí ohun kan lóko yín ni? Ọmọ mi ń fún ọmú bí ẹni fún aṣọ gbígbẹ."

"Ewé katuk tó ń fa wàrà tí mo fi ránṣẹ́, ṣé ẹ sè é?"

"A sè é láàárọ̀. A sè é lọ́sàn-án. Ewúrẹ́ ni wá báyìí, Mbah. Ó ku ká máa ké bí wọn."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó pa fóònù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Laras fúnra rẹ̀ pè, kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì. Mo ń bu epo sí àtùpà lọ́wọ́, mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí. Ó kàn ń mí ni. Ẹkún náà sì bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n, ní tòsí ọwọ́ mi, ó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Èémí Laras dúró.

"Mbah, ọmọ ta nìyẹn?"

Mo fẹ́ yọ fóònù kúrò létí.

"Ẹ má pa fóònù. Mbah, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé e kúrò ńbẹ̀." Mo gbọ́ tí ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bú sẹ́kún. "Ó ń wá! Màmá, ẹ wá wò ó, ó ń wá! Ó ti rin aṣọ mi!"

Bu Endang gba fóònù. Ohùn rẹ̀ ti yí padà pátápátá. "Mbah, ọmọ ẹni yòówù tẹ́ ẹ gbé dání yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ ìyá rẹ̀. Kó máa gbé e wá lójoojúmọ́. Wàrà ń ṣàn bí omi ẹ̀rọ!"

"Kò ní ṣòro," ni mo wí. "Kò jìnnà."

Bó ṣe di ìṣe wa nìyẹn. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀, màá pe Laras, màá sì gbé fóònù sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n. Ti abẹ́ agbọ̀n á ké. Laras á fa wàrà. Wọ́n á gba inú rọ́bà kan tí kò tó okùn bàtà da wàrà náà sínú ọmọ. Ikùn rẹ̀ rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sanra. Danang ń fi àwòrán ránṣẹ́: ọjọ́ tí ojú rẹ̀ là, ọjọ́ tí ó fi ọwọ́ di ìka Laras mú, ọjọ́ tí itan rẹ̀ ní ìlà àkọ́kọ́. Mo ń wo àwòrán, mo ń gbọ́ ẹkún. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń dàgbà. Ẹkún náà kì í ṣe ti ọmọ ológbò mọ́. Ó ti ní àyà.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà ọ̀fun rẹ̀, Laras pè mí láàárọ̀.

"Mbah, ó ń dá mí! Kò sí ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ni!"

"Ó ké?"

"Nọ́ọ̀sì ta á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ya ẹnu. Ó ké gan-an, gbogbo ara rẹ̀ ló fi ké, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan kan. Dókítà ní rọ́bà ló jẹ́ kí ọ̀fun rẹ̀ wú. Ó ní ká fún un láyè."

Èmi gbọ́ ọ ní tèmi. Gbogbo ojú ọ̀nà abúlé gbọ́ ọ. Ajá méjì gbó.

Danang wá sílé lẹ́yìn ìyẹn láti kó aṣọ. Ìwọ́ ọmọ ti já tipẹ́, àkókò tí à ń pa àtùpà sì ti kọjá. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sí ìloro nígbà tí ẹkún náà bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ kejì kò gòkè.

"Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó o pè ni," ni mo dá a lóhùn.

Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ ń di eérú.

"Ẹ jẹ́ kí Laras máa gbọ́ ọ? Ẹ ń fi nǹkan yẹn fa wàrà fún ọmọ mi?"

"Kí n wá ṣe é báwo? Kí n jẹ́ kí ebi pa á kú?"

"Mbah, ta ni Laras ń fún lọ́mú?"

"Ìbéèrè yẹn dára. Ìwọ tó o fún un lórúkọ, ìwọ ni kó o dáhùn."

Ó lọ pe Pak Kaum, tó ń ṣáájú àdúrà lábúlé. Pak Kaum dúró lọ́tùn-ún ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ, ó nu ojú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní, "Àtùpà yìí, kí ẹranko má baà wú ilẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe ń tàn án. Ẹ ti jẹ́ kó pẹ́ jù. Ẹ pa á, ká gbàdúrà. Ilẹ̀ á gba tirẹ̀."

"Pak Kaum, ẹ ní sùúrù," ni mo wí. "Ìyá ọmọ fẹ́ pè báyìí."

"Kó pè," Danang wí. "Á bá a ní pípa."

Fóònù dún. Èmi ni mo gbé e. Ohùn Laras dùn bí ti ọmọdébìnrin. Wọ́n ti gbé ọmọ náà sí i láyà lónìí, ara kan ara, láìsí aṣọ láàárín wọn, ó sì ti sùn síbẹ̀. "Mbah, ó gbóná! Ó ń mí sí mi lọ́rùn! Ẹ gbé mi sí ibẹ̀, kí wàrà wá, mo fẹ́ kó tọ́ ọ wò lára mi."

Kí n tó la ẹnu, Danang ti gbé agbọ̀n sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fẹ́ àtùpà náà pa.

Ẹkún náà já. Kò rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó já bí okùn.

Èéfín gòkè tààrà. Òórùn epo àgbọn gba gbogbo ìloro. Kò sí kòkòrò, kò sí ẹyẹ. Pak Kaum ní, "Alihamudulilai."

"Mbah?" ni Laras wí nínú fóònù.

Lẹ́yìn náà, ó ní, "Mbah, ó ti wúwo."

Lẹ́yìn náà, "Kò mí sí mi lọ́rùn mọ́. Nọ́ọ̀sì! Nọ́ọ̀sì! Ẹ wò ó, ètè rẹ̀ ń di dúdú!"

Ẹ̀rọ kan han. Mo gbọ́ ìró bàtà. Mo gbọ́ tí àga ṣubú.

"Tàn án," ni mo sọ fún Danang.

Ó dúró gbagidi, ìṣáná lọ́wọ́ rẹ̀. Mo já a gbà. Ẹyọ kan ṣẹ́. Òmíràn ràn. Mo fi kan òwú àtùpà.

Ẹkún náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó já sí.

Nínú fóònù, ohùn obìnrin kan ní, "Ó ti mí. Ó ti mí, ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí àwọn tí oṣù wọn kò pé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n máa ń gbàgbé láti mí. A fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó sì rántí."

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ bíi tiwa ló ń tọ́jú lójoojúmọ́. Mi ò bá a jiyàn, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni tó bá gbè é lẹ́yìn jiyàn.

Ṣùgbọ́n Laras ti gbọ́ ibi tí ẹkún já sí. "Mbah," ó ní, ohùn rẹ̀ tutù, "kí lẹ pa níbẹ̀ yẹn?"

Mo na fóònù sí Danang. Òun ló sọ fún un. Mi ò gbọ́ ohun tí Laras fi dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó gùn. Danang dúró, ó ń mi orí, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ń rí i. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ti di bàbá arúgbó. Pak Kaum ti lọ. Kò tilẹ̀ wọ bàtà rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní ìloro, kò sì rán ẹnikẹ́ni wá gbé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni wọ́n gbé ọmọ náà wá sílé. Láti òwúrọ̀ ni ẹkún náà ti ń lọ. Bí wọ́n ṣe ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó dákẹ́. Laras sọ̀ kalẹ̀, ọmọ wà nínú ọ̀já láyà rẹ̀. Kò kọ́kọ́ kí mi. Ó lọ tààrà sí ọ̀tún ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ síwájú agbọ̀n. Iwájú aṣọ rẹ̀ rin gbindin.

Bu Endang dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo aṣọ tó rin. Ó wo agbọ̀n. Ó wò mí.

"Ọmọ tẹ́ ẹ ń yá, Mbah, ibo ló wà?"

Mo fi ẹnu tọ́ka.

Mo ń retí kó bú mi. Kò bú mi. Ìbá sàn kó ti bú mi.

Danang gba ọmọ náà, ó jókòó sí ìloro, ó fi ẹnu sí i létí ọ̀tún. Ohun tí wọn kò jẹ́ kó ṣe ní Yogya ló wá ṣe. Ó pe ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìṣì í pè. "Panggih," ló sọ sí i létí. "Panggih, ọmọ mi."

Ọmọ náà kò ṣẹ́jú. Ó ń wo àjà.

Abẹ́ agbọ̀n ni nǹkan ti rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rín ni, kì í ṣe ẹkún. Irú ẹ̀rín tí ọmọ ọwọ́ máa ń rín bó bá dá ohùn bàbá rẹ̀ mọ̀.

Danang gbé ọmọ náà lé Laras lọ́wọ́, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó sì bì.

A yí orúkọ ọmọ náà padà, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ tí orúkọ rẹ̀ bá wúwo jù fún un. Waluyo la sọ ọ́, ẹni tí ara rẹ̀ yá. Ara rẹ̀ sì yá lóòótọ́. Bu Endang gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ọ̀fun, títí dé Semarang. Wọ́n fi iná wò ó, wọ́n ní ọ̀fun rẹ̀ dá ṣáká, etí rẹ̀ dá ṣáká, kò sí ohun tó ṣe é. Ó kàn jẹ́ pé kò ní ohùn. Lẹ́yìn èyí tí ó lọ kẹ́yìn, Bu Endang wá kí wa, ó gbé ìgò ńlá epo àgbọn kan sí ìloro. Kò wo ọ̀tún.

"Àṣà àwọn ará oko," ni mo wí.

"Ẹ dákẹ́, Mbah. Ẹ ṣáà máa bu ú."

Ó ti ń gbé e wá láti ìgbà náà.

Danang lọ sí Kalimantan, sí oko ọ̀pẹ. Ó ń fowó ránṣẹ́, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Bó bá pè, kó tó béèrè ọmọ, àtùpà ló ń béèrè.

"Ó ń jó, Mbah?"

"Ó ń jó."

Á mí kanlẹ̀, á sì pa fóònù. Nígbà mìíràn, kì í rántí béèrè ọmọ.

Laras kò lọ. Ó ń fọ́ ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ sí méjì. Yóò fún Waluyo lóúnjẹ, yóò wẹ̀ ẹ́, yóò sì jáde lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n, yóò máa kọrin lábẹ́ ètè. Lọ́jọ́ kan, mo ní kó wọlé, òjò ń bọ̀.

"Mbah," ó ní, "ọ̀kan mu wàrà mi, ìkejì ló ń pè mí. Èwo ni mo bí nínú wọn?"

"Ìwọ lo bí àwọn méjèèjì, ọmọ mi."

"Ẹ ò tù mí nínú." Ó fi ọwọ́ nu ilẹ̀ tó wà níwájú agbọ̀n, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. "Ká ní Danang pa á pátápátá lọ́jọ́ yẹn, ká ní àwọn méjèèjì lọ, mi ò bá ti sunkún tán."

Mo ṣe bíi pé mi ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìyá tó rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Waluyo wà lójú fèrèsé, etí rẹ̀ sì dá ṣáká, àwọn oníṣègùn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti ń lọ ilé ìwé báyìí. Ó gbọ́n, ó le, ó ń fi igi oparun ṣe ọkọ̀. Ojú ló fi ń bá wa sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ ọ. Bó bá rẹ Laras, orúkọ àkọ́kọ́ máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Panggih, wá jẹun!" Waluyo kì í wá. Kì í bínú. Á yíjú sí ọ̀tún ilẹ̀kùn, á sì dúró, bí ọmọ tí wọ́n pe àbúrò rẹ̀ lójú rẹ̀.

Nígbà ìkórè ìrẹsì tó kọjá, ẹkún náà dá. Kì í ṣe pé ó já bíi ti ọjọ́ yẹn. Ó kàn ń dín kù ni, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Waluyo ń mí. Ó ń jẹun. Ó ń sáré. Paini tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣàwàdà lórí ògiri. Mo rò ó pé bóyá ó ti tó. Bóyá epo ọjọ́ náà ni kí ó jẹ́ ìkẹyìn, kí àtùpà jó ara rẹ̀ tán ní ìrọ̀rùn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á. Mo gbé ìgò dání, mi ò tíì dà á. Laras wà lódò. Waluyo dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó fi èjìká ti férémù, ó ń wò mí.

"Mbah," ni ohùn kan wí lábẹ́ agbọ̀n.

Ohùn ọmọkùnrin ni. Ó mọ́. Ó ní ọ̀wọ̀, bí ohùn ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé.

"Mbah, ìgbà wo ló máa kàn mí láti wọlé?"

Epo dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbójú sókè wo Waluyo. Ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Kò bẹ̀rù. Ó wo agbọ̀n, ó wò mí, ó sì rọra sún kúrò láàárín ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn lé ògiri, bí ẹni tó ń fi àyè sílẹ̀ kí ẹnìkan kọjá.

Mo bu epo sí i. Mi ò tíì fèsì.